Bí ẹ ṣe lè ka ìwádìí lórí ìdíje tí orí yín ò ní dàrú

Ẹ tẹ "competition", ìyẹn ìdíje, sínú Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wò ó, kọ́ńpìnì tó ń du oníbàárà, olóṣèlú tó ń du ìbò, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń du máàkì, ohun alààyè tójú ò lè rí tó ń du oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ á rọ́ jáde pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá jókòó ti ìtumọ̀, wọ́n á fẹ́ rí gbólóhùn kan tó máa kárí gbogbo ẹ̀, ẹ má dán an wò jàre. Bébà ìwádìí yòówù kẹ́ ẹ mú, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ sétí ẹ̀: kí ni wọ́n ń dù, kí ni oníwádìí yẹn wọ̀n gan-an, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó bá fìdí rẹmi. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Nínú báyọ́lọ́jì ẹni tó fìdí rẹmi lè kú tàbí kó má bímọ, nínú òṣèlú ó lè padà wá nígbà ìbò míì, kọ́ńpìnì lè kógbá wọlé tàbí kí ẹlòmíì rà á, ẹni tó wá ṣe ìdánwò saikọ́lọ́jì ní tiẹ̀ á kàn gba owó kékeré tí wọ́n bá fún un, á máa lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá gbé àbájáde ọ̀kan lé ìkejì lórí láì ro ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn.

Báyọ́lọ́jì ni màá ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa fojú rí i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni iṣẹ́ Joseph Connell létí òkun Scotland, tó jáde lọ́dún 1961. Oríṣi barnacle méjì ló wà lára àpáta níbẹ̀, àwọn ẹ̀dá kékeré oníkarawun tó máa ń lẹ̀ típẹ́ mọ́ òkúta, Chthamalus lókè, Balanus nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kàn wò ó á ní bóyá Chthamalus ò lè gbé ìsàlẹ̀ ni. Connell wá ha Balanus kúrò láwọn ibì kan, ó fi ibòmíì sílẹ̀ bó ṣe wà, níbi tó ti ha á kúrò Chthamalus rọra gbé nísàlẹ̀ yẹn, kò sóhun tó ṣe é, níbi tí ò ti ha á Balanus ń dàgbà lé e lórí ó sì ń fún un pa. Torí náà, bébà tó bá ní ìdíje ló fa nǹkan, ẹ wá ibi tí wọ́n ti yọ ọ̀kan kúrò láti mọ ohun tí ìkejì máa ṣe. Tí wọn ò bá yọ nǹkan kan, ẹ máa fura.

Ó wá kan ìṣirò, ẹ má sá o, torí òun gan-an ló so àwọn ẹ̀ka yìí pọ̀. Ká ní kọ́ńpìnì mẹ́ta ló wà lọ́jà, ọ̀kan mú 50 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì 30, ẹ̀kẹta 20. Ẹ fi ìpín kọ̀ọ̀kan sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ kẹ́ ẹ ro ó pọ̀: 2,500 àti 900 àti 400, ó di 3,800. Herfindahl-Hirschman Index nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bóyá ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni ọjà kan wà, ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2023 lórí kí kọ́ńpìnì máa da pọ̀ sì sọ pé ọjà tó bá ti kọjá 1,800, ọwọ́ àwọn díẹ̀ ló wà. Ẹ wá sọ àwọn mẹ́ta yẹn di ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ kọ ìpín ìbò wọn bíi 0.5, 0.3 àti 0.2, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, á jẹ́ 0.38, ẹ fi 0.38 pín 1, ẹ ó rí nǹkan bíi 2.6. Bí Laakso àti Taagepera, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa òṣèlú, ṣe ń ka iye ẹgbẹ́ lọ́dún 1979 nìyẹn, mẹ́ta ló wà lórí ìwé àmọ́ agbára wọn ò tó ti mẹ́ta tó dọ́gba. Simpson, onímọ̀ ìṣirò kan, sì ti lo ìṣirò yìí kan náà lọ́dún 1949 láti fi wọn bí oríṣiríṣi ẹ̀dá ṣe pọ̀ tó níbì kan! Ìpín ló ń wọ̀n sha, kì í wọn ìjà. Kọ́ńpìnì méjì lè pín ọjà dọ́gba kí wọ́n máa bára wọn jà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì lè pín in dọ́gba kó jẹ́ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí iye owó ní kọ̀rọ̀.

Èrò náà máa ń ṣí láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíì. Hotelling, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, lọ́dún 1929 ní ìtajà méjì tó wà lójú títì kan náà á máa sún mọ́ àárín, nígbà tó di 1957 Anthony Downs gbé e lọ sínú òṣèlú, ó ní ẹgbẹ́ méjì á máa sún mọ́ olùdìbò tó wà láàárín. Ó dáa, àmọ́ ẹ fi ẹ̀kẹta kún un, kò dúró mọ́, ẹni tó há sáàárín á fẹ́ sá bọ́ síta.

Saikọ́lọ́jì lẹ ti máa ṣọ́ra jù. Triplett, onísaikọ́lọ́jì kan, lọ́dún 1898 ní kí àwọn ọmọ 40 máa yí ohun tí wọ́n fi ń ká okùn ìpẹja, nígbà míì ọmọ á dá ṣe é, nígbà míì òun àtẹnìkejì. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé ìdíje mú kí wọ́n yára. Ẹ lọ wo ohun tóun fúnra ẹ̀ kọ: 20 ló yára sí i, 10 ara wọn gbóná jù wọ́n sì bà á jẹ́, 10 ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ tún máa rí ibi tó máa jọ pé àwọn ẹ̀ka ń ta kora, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé á ní bí olùdíje bá ṣe ń pọ̀ ni ìdíje ń le, àwọn oníwádìí méjì, Garcia àti Tor, ní 2009 sì rí i pé téèyàn bá mọ̀ pé àwọn tóun ń bá díje pọ̀, ìsapá ẹ̀ máa ń dín kù. Owó ọjà nìkan lẹni àkọ́kọ́ ń wò, ìsapá ẹnì kan lèkejì ń wò, kò síjà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún ń wá bébà, ẹ má dúró lórí "competition" nìkan, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń kọ "tournament" (ìdíje tó jẹ́ pé ipò téèyàn bá gbà ló ń pinnu èrè ẹ̀) àti "rent-seeking" (kéèyàn máa du èrè láì pèsè nǹkan tuntun kan), àwọn onísaikọ́lọ́jì ń kọ "rivalry" (kéèyàn máa bá ẹnì kan figagbága) àti "social comparison" (kéèyàn máa fi ara ẹ̀ wé ẹlòmíì), oníbáyọ́lọ́jì á kọ "niche" (ibi tí ẹ̀dá kan lè gbé àti ohun tó fi ń gbé ayé ẹ̀). Bébà tó bá ti pẹ́, ẹ tẹ "Cited by" nísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn àwọn bébà míì tó tọ́ka sí i, kẹ́ ẹ tó gbé e síwèé yín, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹnì kan ti ṣe ìwádìí kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ̀ bóyá ó máa rí bákan náà. Ti Triplett yẹn, wọ́n ti tún nọ́ńbà ẹ̀ ṣírò, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ ò tó nǹkan.