Bí a ṣe ń sọ gbólóhùn di nọ́ńbà bíi ti Gödel

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yìn páálí ni mo fi kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbọ́n Gödel, onímọ̀ ìṣirò, yìí, nínú ìsọ̀ gààrí ìyá mi. Ẹ wá bírò.

Ẹ fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èmi fún 0 ní 1, = ní 2, + ní 3. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ fún wọn, ẹ ṣáà má pa á dà láàárín ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú 0=0. Ó di 1, 2, 1. Ibí ni ọmọ náà ti ṣìnà: ó rò wọ́n pọ̀, ó ní 4. Mo ní, "Bí mo bá gbé 4 yìí nìkan fún ọ, báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá 0=0 ni àbí =00?" Ó dákẹ́. Ìròpọ̀ ò mọ ẹni tó ṣíwájú. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ńkọ́? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀ níwájú Awùjalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fún ààyè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí nǹkan kan ò lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀: ààyè kìíní 2, ìkejì 3, ìkẹta 5, lẹ́yìn náà 7, 11. Iye tí àmì bá jẹ́, iye ìgbà tí ẹ máa kọ nọ́ńbà ààyè rẹ̀ nìyẹn. Tiwa di 2×3×3×5, ìyẹn 90. =00 á fún yín ní 60, 00= á fún yín ní 150. Kò sí ìjà.

Láti tú u, ẹ fi 2 pín 90 títí kò fi ní ṣeé pín mọ́: ẹ̀ẹ̀kan. 3: ẹ̀ẹ̀mejì. 5: ẹ̀ẹ̀kan. 0=0 ti padà dé.

Àádọ́rùn-ún fúnra rẹ̀, ṣebí ogún márùn-ún tó dín mẹ́wàá ni? Nọ́ńbà tiwa ti ń ru ìṣirò sínú tipẹ́.

Kurt Gödel, ọmọ ìlú Brno, tẹ èyí jáde ní 1931. Ó fi ọ̀nà yìí kọ́ gbólóhùn ìṣirò kan tó ń sọ nípa ara rẹ̀ pé àwọn òfin ìṣirò tí wọ́n fi kọ òun ò lè fi ẹ̀rí òun hàn. Bí àwọn òfin náà ò bá tako ara wọn, òótọ́ ni gbólóhùn náà ń sọ.

Ọkùnrin yìí bẹ̀rù májèlé débi pé oúnjẹ tí Adele ìyàwó rẹ̀ bá tọ́ wò ló ń jẹ. Nígbà tí ìyàwó wọ ilé ìwòsàn, kò jẹun mọ́. Ó kú ní 1978. Ìyá mi gbọ́, ó ní kí n gbé páálí sílẹ̀ kí n wá jẹun.

Kí ẹ tó jẹ tiyín, ẹ tú 145,530. Àmì márùn-ún ló wà nínú rẹ̀.