Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Gbé Sólà Sórí Òrùlé Yín ní Ìlú Ọba?

Ẹni tó ń gbé Manchester tàbí Glasgow, tí ojú ọ̀run ń ṣú lé lórí fún odindi ọ̀sẹ̀, kò jẹ̀bi bó bá rò pé òfò ni owó sólà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná, kì í ṣe ooru, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá sì gba inú ìkùukùu kọjá ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kéré. Ooru gan-an ni kì í bá a lára mu. Nítorí náà, ẹ fi ti ìkùukùu sápá kan ná, kí ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé yín.

Òrùlé tó kọjú sí gúúsù ló dára jù. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ṣì ṣeé lò, àmọ́ iná rẹ̀ á dín díẹ̀; èyí tó kọjú sí àríwá, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ jáde síta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí òjìji igi, ilé aládùúgbò tàbí ihò èéfín ń bọ́ sí, nítorí òjìji tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan péré lè fa iná àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn. Bí òrùlé bá ti gbó, ẹ tún un ṣe ṣáájú. Ayálégbé àti ẹni tó ń gbé fúláàtì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sórí PVGIS, ìṣirò ọ̀fẹ́ tí European Commission gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sọ iye iná tí òrùlé yín lè mú wá lóṣooṣù. Sólà kílówáàtì 4 tó kọjú sí gúúsù ní Manchester lè mú nǹkan bíi yúníìtì 3,400 wá lọ́dún, ṣùgbọ́n iná oṣù Kejìlá kì í tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti oṣù Kẹfà.

Ìgbà tí ẹ ń lo iná ni ọ̀rọ̀ wà jù. Yúníìtì tí ẹ bá lò fúnra yín ń dá gbogbo owó tí ẹ ì bá fi rà á padà fún yín. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ lè tà á lábẹ́ ètò Smart Export Guarantee tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2020, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń rà á sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á. Ká ní ẹ ń ra yúníìtì kan ní pẹ́ńsì 25, tí wọ́n ń ra tiyín ní pẹ́ńsì 10, tí sólà sì jẹ́ pọ́n-ùn 6,500. Ìdílé tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń lo yúníìtì 1,200 péré nínú 3,400, yóò jèrè pọ́n-ùn 520 lọ́dún, owó rẹ̀ yóò sì padà lẹ́yìn ọdún 12 àti ààbọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé, tó ń lo ìdajì, yóò jèrè pọ́n-ùn 595, owó tirẹ̀ á padà ní nǹkan bí ọdún 11. Ẹ fi owó tiyín rọ́pò àwọn iye wọ̀nyí, kí ẹ sì ṣe ìṣirò yìí kí ẹnikẹ́ni tó fi bátìrì kún ìwé iye owó yín. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀rọ inverter, tó ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì di irú èyí tí ilé ń lò, lè bàjẹ́ ṣáájú pánẹ́ẹ̀lì.

Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ó kéré tán ẹni mẹ́ta tó ń gbé sólà sórí òrùlé, tó ní ìwé-ẹ̀rí MCS, ìyẹn ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn bá ìlànà mu, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra iná lọ́wọ́ yín sábà máa ń béèrè ìwé yìí. Kò sí owó orí VAT lórí iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2027.

Ẹni tó mọ sólà láti Nàìjíríà lè rò pé kò ní sí òkùnkùn mọ́. Ṣùgbọ́n sólà tí wọ́n so mọ́ wáyà iná gbogbogbòò níbí máa ń pa ara rẹ̀ bí iná bá lọ, kí ó má baà gbé àwọn tó ń tún wáyà ṣe. Bó bá jẹ́ nítorí ìgbà tí iná bá lọ lẹ fẹ́ rà á, bátìrì nìkan kò tó: ẹ béèrè bóyá ètò tí wọ́n fẹ́ ta fún yín lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.