Bí A Ṣe Ń Padà Sí Àkúrẹ́ Lẹ́yìn Ìrìn Àjò Ọlọ́nà Jíjìn Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Kánò tàbí Jos máa ń ṣètò ìlọ wọn kínníkínní: wọ́n á tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n á ka owó, wọ́n á sì mọ ilé tí wọ́n máa sùn. Tó bá wá di ti àbọ̀, wọ́n á kàn ju ẹrù sínú búùtù, wọ́n á dorí kọ ọ̀nà ilé. Bẹ́ẹ̀ àbọ̀ gan-an ló gba ètò jù, nítorí pé ó ti rẹ awakọ̀, ọ̀nà ti jẹ lára ọkọ̀, owó ti ń tán lọ lápò, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì sì ti lè máa sú ara wọn díẹ̀díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fẹnu kò sí ibi tí ẹ máa sùn lójú ọ̀nà kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Kánò, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọ̀ranyàn pé Àkúrẹ́ ni ilẹ̀ ọjọ́ náà máa ṣú yín sí. Ẹ sùn sí Àbújá. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ ní ìdájí, ẹ ó gba Gwagwalada, Abaji àti Koton Karfe dé Lokoja, tí í ṣe nǹkan bíi 200 kìlómítà, ojúmọ́ á sì ṣì kù láti fi gba Okene, Ibillo, Ìṣùà àti Àkùngbá já sí Ọ̀wọ̀. Ẹ má ṣe rin ọ̀nà yìí lóru, ohun yòówù kí ẹni tó ń dúró dè yín nílé máa sọ. Bí ọkọ̀ bá dá yín dúró tí ìrọ̀lẹ́ fi bá yín ní Lokoja, ẹ wá ibi tó dára sùn síbẹ̀. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kéré sí ohun tí òru lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹ tún béèrè nípa ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá lánàá, pàápàá láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi kún bo ojú ọ̀nà ní agbègbè Koton Karfe àti Lokoja, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àti tírélà ló sì há síbẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá náà kò ṣe é fojú di: ní oṣù Kìíní ọdún 2021, tírélà kan tí kò ṣeé darí mọ́ ya wọ àwọn ìsọ̀ tó wà níwájú yunifásítì ibẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí. Bí ẹ bá rí tírélà tó di ẹrù lẹ́yìn yín níbẹ̀, ẹ yà fún un kí ó kọjá.

Oorun ni ọ̀tá tó burú jù lójú ọ̀nà àbọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, tí í ṣe ìwọ̀n eré tó pọ̀ jù tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ọkọ̀ á ti rin mítà tó lé ní 80 láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀ kò fi gbọ́dọ̀ sùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ojú awakọ̀: ṣé ó ń yán léraléra, ṣé ó ń já sínú kòtò tó yẹ kó yẹ̀, ṣé táyà ti ń gun etí títì? Tó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kó má bá a jiyàn, kó kàn sọ pé, “Yà síbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ.” Bí òun kò bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kí wọ́n dúró sí ilé epo tí èrò wà, kí awakọ̀ fi ogún ìṣẹ́jú sùn. Obì tí àwọn awakọ̀ ń jẹ kàn ń sún oorun síwájú ni, kò san gbèsè rẹ̀. Kí ẹ sì fi 122, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, sórí fóònù yín méjèèjì.

Nígbà tí ẹ bá kọjá Ọ̀wọ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a ti délé, ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìmúsáré. Ẹ dúró ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kí ẹ ra iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata, nítorí pé kò sí oúnjẹ nílé tí ẹ ń lọ, ìdúró náà á sì pe ọkàn awakọ̀ padà.

Ẹ parí ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó pínyà. Ẹni tó bá ní “a máa sọ ọ́ tó bá yá” ló máa ń di ẹni tí kò gbé fóònù mọ́. Kí kálukú máa kọ ohun tó bá ná ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lórí WhatsApp lọ́jọ́ tó ná an. Ká ní gbogbo ìnáwó jẹ́ 240,000 náírà, tí ọ̀kan ti san 170,000, tí èkejì san 70,000. 120,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹnì kejì á fi 50,000 lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Táyà tó bẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Lójú tèmi, bí táyà náà bá ti gbó kí ẹ tó kúrò nílé, ọlọ́kọ̀ ni yóò san án; bó bá jẹ́ kòtò ló bẹ́ ẹ, ẹ jọ pín in.

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀rẹ́ yín, ní Ìjàpọ̀ ni o tàbí ní Òkè Àró, ẹ má ṣe fun fèrè kí ẹ já a sílẹ̀ bí ẹrù. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀. Ìyá á ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ó dára tí ojú rí ara,” á sì fẹ́ tẹ iṣu síná lójú ẹsẹ̀. Ẹ mu omi tó bá gbé wá, ẹ fi kílíṣí tàbí àlùbọ́sà tí ẹ rà fún un lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé ẹ ń bọ̀ wá jẹ iyán náà lọ́jọ́ Sunday. Kò ní bínú.

Nílé tiyín, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí ẹ tó tan iná. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kan ibi ìtanná rárá. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, kí ẹ sì jáde títí afẹ́fẹ́ á fi gbé e lọ. Ohun tó wà nínú fíríìjì tí iná ti ń ṣe ségesège lé lórí, ẹ dà á nù.

Ẹ má ṣe lọ dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ìrìn àjò tó bá gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ènìyàn kàn jókòó sójú kan, ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ẹ rìn yí ilé ká díẹ̀, ẹ mu omi. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dunni láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà náà, ẹ má ṣe kàn fi ìpara pa á. Ẹ lọ rí dókítà.

Ọkọ̀ ló kù. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, ẹ wo omi rédíétọ̀ àti óìlì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ fílítà afẹ́fẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ ti Àríwá bọ̀, torí eruku ibẹ̀ á ti dí i pa. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan bóyá ó wú níbì kan, kí ẹ sì wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Táyà tó wú, fọganáísà kò lè tún un ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde.