Ẹ Má Gba Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì Lọ sí Gaeilge: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Wá Ẹni Tí Yóò Bá Wa Túmọ̀ Gbólóhùn

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ mi ọkùnrin gbé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìdáná. Dublin ni à ń gbé, Gaeilge, èdè ìbílẹ̀ Ireland, sì jẹ́ ẹ̀kọ́ dandan fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ilé-ìwé níbí. Wọ́n ní kí ó kọ ọ́ pé bàbá òun ní mọ́tò. Ohun tí ó kọ ni Tá m'athair carr. Ó ti wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ó sì tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Kò sí èyí tí kò tọ̀nà nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbìyànjú láti sọ pé bàbá òun jẹ́ mọ́tò. Èyí tó tọ́ ni Tá carr ag m'athair: mọ́tò wà lọ́wọ́ bàbá mi.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ láàárín àwa Yorùbá tí a ń kọ́ èdè yìí nìyí. A ó ro ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, a ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá gbé Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, Yorùbá tí a ti kọ́kọ́ rò ló sún mọ́ Gaeilge jù. Gaeilge kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó dúró fún "ní". Nǹkan a máa wà lọ́wọ́ ẹni ni. Tá airgead agam, owó wà lọ́wọ́ mi. Ta ni nínú wa tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ wo ebi náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ebi ń pa ni olùwà gbólóhùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ebi ló ń pa wá, ẹ̀rù ló ń bà wá, oorun ló ń kùn wá. Gaeilge gba ọ̀nà tó jọ èyí: Tá ocras orm, ebi wà lórí mi, Tá eagla orm, ẹ̀rù wà lórí mi, Tá slaghdán orm, ọ̀fìnkìn wà lórí mi. Ọmọ tó bá gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá ni yóò kọ Tá mé ocras. Bákan náà ni "olùkọ́ ni mí" àti "mo wà nílé" ṣe yàtọ̀ síra létí wa. Is múinteoir mé ni ti àkọ́kọ́, Tá mé sa bhaile ni ti ìkejì. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ Tá mé múinteoir.

Àmọ́ Yorùbá náà ní ibi tó ti lè ṣì wá lọ́nà. Ẹ má ṣe kọ "mọ́tò rẹ̀" ránṣẹ́ sí olùtumọ̀ láìsọ ẹni tó ni ín. "Rẹ̀" tiwa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Gaeilge náà ń lo ọ̀rọ̀ kékeré kan, a, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni a fi ń mọ olóhun. Bí ó bá jẹ́ ti ọkùnrin, a charr ni. Bí ó bá jẹ́ ti obìnrin, a carr. Bí ó bá jẹ́ tiwọn, a gcarr, tí a ó pè bí ẹni pé g ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé h àti g yẹn jẹ́ àṣìṣe ìtẹ̀wé, yóò sì yọ wọ́n kúrò. Mo ti rí i tí ènìyàn gba ìtumọ̀ tó péye, tó sì "tún un ṣe" títí ó fi bàjẹ́.

Ọ̀wọ̀ náà ń kó wa sí i. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kọ ìwé ìdúpẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú Go raibh maith agaibh. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni, kò lè pe àgbà ní "o". Ṣùgbọ́n agaibh kì í ṣe "ẹ" ọ̀wọ̀, ènìyàn púpọ̀ ló wà fún. Ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó dàgbà tó, agat ni a ń sọ fún un. Olùkọ́ náà bi í pé àwọn wo ló tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má fo fada, àmì tó ń fa fáwẹ̀lì gùn. Fear ni ọkùnrin, féar ni koríko. Tá mo bhríste briste: ṣòkòtò mi ti ya. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kan àwọn ọmọ wa gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Dubh ni dúdú, ṣùgbọ́n cailín dubh lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sínú èdè náà ni ọmọbìnrin tí irun rẹ̀ dúdú, an fear dubh sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe Sàtánì. Duine gorm ni wọ́n ti ń pe ènìyàn dúdú láti ọjọ́ pípẹ́, gorm kan náà tó jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run àti ti aró. Àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ báyìí: àwọn kan fẹ́ Gorm pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, àwọn kan fẹ́ duine de dhath (ènìyàn aláwọ̀), àwọn mìíràn fẹ́ dubh gan-an. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ nípa ara rẹ̀, ẹ sọ fún olùtumọ̀ pé àwọ̀ ara ni ẹ ń sọ, kí ẹ sì bi ọmọ náà èwo ló tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí ènìyàn mẹ́ta bá fún yín ní ìdáhùn mẹ́ta, ẹ má bá wọn jà. Ẹkùn Ireland kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń sọ ọ́: Conas atá tú? ni ará Munster fi ń béèrè àlàáfíà, ará Connacht ní Cén chaoi a bhfuil tú?, ará Ulster ní Cad é mar atá tú? Ìjẹ̀bú àti Èkìtì kò sọ̀rọ̀ bákan náà. Láti 1958 ni ìlànà àjọlò, An Caighdeán Oifigiúil, ti wà, òun sì ni ilé-ìwé ń lò.

Ẹ tún yẹ ẹni tó ń dáhùn wò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, àwọn tó ní àwọn lè sọ Gaeilge ní Ireland lé ní 1,870,000, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí inú ilé-ìwé kò pé 72,000. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi tọkàntọkàn dáhùn. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ní tirẹ̀ kì í béèrè ẹni tó ni mọ́tò, yóò kàn mú ọ̀kan fún yín ni. Fún ohun tí ẹ ó fín sára, tàbí tí ẹ ó gbẹ́ sí òrùka tàbí òkúta ibojì, ẹ dúró títí ẹni mẹ́ta tó gbọ́ èdè náà dáadáa yóò fi fẹnu kò. Mo ti rí mo grá, tí wọ́n fẹ́ fi sọ pé "ìfẹ́ mi", lọ́rùn ọwọ́ ẹnì kan. Mo ghrá ló yẹ kó jẹ́.

Kí ẹ tó béèrè, ẹ kọ ìgbìyànjú tiyín sílẹ̀, ẹ sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti ibi tí gbólóhùn náà ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀ pé: "Mo fẹ́ sọ pé bàbá mi ń bẹ̀rù ajá. Nílé, a máa ń sọ pé ẹ̀rù ajá ń bà á, nítorí náà mo kọ Tá eagla ar m'athair. Níbo ni kí n fi ajá sí?" Olùkọ́ dá a lóhùn pé ohun tó kọ tọ̀nà, kí ó fi roimh mhadraí, "níwájú àwọn ajá", kún un níparí.