Bí a ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ láì há a sórí

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB ló máa ń to ọ̀rọ̀ 100 sínú ìwé, tí wọ́n á máa há a sórí lóru. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti fò lọ. Ó máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ 5 lójúmọ́ tó. Kó jẹ́ èyí tí ẹ fúnra yín pàdé nínú ìwé tàbí ìròyìn tí ẹ ń kà. Ẹ da gbólóhùn tí ẹ ti rí i kọ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì méfò ìtumọ̀ rẹ̀ ná kí ẹ tó ṣí díṣọ́nárì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá orírun rẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹbí. Ẹ wo "candid": ẹni tó ń sọ òkodoro ọ̀rọ̀ láì fi nǹkan pamọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Inú èdè Látìnì ló ti wá, láti ara "candidus", tó túmọ̀ sí funfun. Ṣé àwa náà kì í sọ pé inú ẹnì kan funfun? Ẹbí rẹ̀ ni "candidate": ní Róòmù àtijọ́, aṣọ funfun báláú ni ẹni tó bá ń du ipò máa ń wọ̀. Bákan náà, nínú èdè Látìnì, "bene" jẹ́ rere, "male" jẹ́ burúkú. Ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí, "benevolent", "benefactor", "malevolent" àti "malefactor" ò lè rú u lójú mọ́.

Ìtumọ̀ nìkan kò tó ṣá. "Famous" àti "notorious" jọ jẹ́ olókìkí, àmọ́ ọ̀daràn ni "notorious" yẹ. Ẹ má fi ki àlejò pàtàkì níbi ayẹyẹ o! Ẹ ka àpẹẹrẹ gbólóhùn tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ mọ àwọn tó ń bá rìn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é pẹ̀lú. Bí ohùn ṣe ń ya "ọkọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọkọ̀" lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a tẹ̀ mọ́ ń ya "record" sí méjì: bí a bá tẹ iwájú, àkọsílẹ̀ ni, bí a bá tẹ ẹ̀yìn, ó di kí a gba nǹkan sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ fọwọ́ bo ìtumọ̀, kí ẹ rántí rẹ̀ fúnra yín. Ẹ tún ṣe é ní ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹjọ, àti lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà kọ gbólóhùn kan nípa ilé yín tàbí iṣẹ́ yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tí ẹ bá gbàgbé, ẹ tún un kọ sójú ewé tuntun, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.