Bí A Ṣe Lè Yẹ Ìròyìn Nípa Ẹ̀dá Àtijọ́ Tó Jí Láti Inú Ilẹ̀ Dídì Wò

Ìròyìn kan wà tó máa ń padà sórí fóònù wa láti ìgbà dé ìgbà: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jí kòkòrò àrùn kan tó ti ń sùn nínú yìnyín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àti pé àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá rántí ohun tí ojú wa rí lọ́dún 2020 kò ní ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àyà rẹ̀ má já. Òtítọ́ wà nínú ìròyìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń po òtítọ́ ọ̀hún mọ́ àsọdùn débi pé ẹni tó ń kà á kò ní mọ èyí tó yẹ kó kó o lọ́kàn sókè. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, àti kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn. Ilẹ̀ dídì ni ilẹ̀ tí ooru inú rẹ̀ kò gòkè kọjá 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọdún méjì léraléra ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dì gbagidi láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ó pọ̀ ní Siberia lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ní Alaska àti ní àríwá Kánádà. Ìmọ́lẹ̀ kì í dé inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ibẹ̀, òtútù kì í sì í jẹ́ kí ohun tó bá wà níbẹ̀ jẹrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń hú òkú erin onírun ayé àtijọ́ jáde níbẹ̀ tòun ti awọ àti ẹran ara rẹ̀. Láti ọdún 1979, agbègbè Arctic, ìyẹn ìpẹ̀kun àríwá ayé, ti ń gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju bí ayé lápapọ̀ ṣe ń gbóná lọ. Nítorí náà, ìpele òkè ilẹ̀ tó máa ń yọ́ nígbà ooru ń jìn sí i, bèbè àwọn odò bíi Kolyma ní Siberia sì ń ya lulẹ̀, tí ohun tó ti wà nísàlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ fi ń bọ́ síta.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, irú ẹ̀dá wo gan-an ló jí? Ọ̀rọ̀ náà "kòkòrò" gbòòrò jù láti fi dáhùn. Lọ́dún 2023, ìwé àtìgbàdégbà PLOS Genetics gbé iṣẹ́ kan jáde nípa aràn tín-ín-rín kan tí wọ́n rí nínú ihò ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ ayé àtijọ́ lẹ́bàá odò Kolyma, ní nǹkan bí 40 mítà nísàlẹ̀. Ohun tó wà nínú ihò náà ti tó nǹkan bí 46,000 ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ náà yọ́, aràn yìí jí, ó jẹun, ó sì bímọ láìsí akọ, nítorí pé irú rẹ̀ kì í wá akọ kó tó bímọ. Panagrolaimus kolymaensis ni wọ́n pè é. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n kéde pé rotifer, ẹ̀dá inú omi tó kéré débi pé ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi la fi ń rí i dáadáa, ti jí lẹ́yìn nǹkan bí 24,000 ọdún. Kò sí èyí tó lè kó àrùn ran ènìyàn nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ti òdòdó Silene stenophylla, tí Svetlana Yashina àti David Gilichinsky pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìwé lé lórí lọ́dún 2012, tún yàtọ̀ pátápátá. Inú èso tí ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ kó pamọ́ ní nǹkan bí 32,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti bu díẹ̀, wọ́n sì fi oúnjẹ àti ìtọ́jú yàrá ìwádìí bọ́ ọ títí ó fi di igi òdòdó. Bí wọ́n bá ní òdòdó náà "jí", ẹ rántí pé ọwọ́ ènìyàn ló jí i. Kò lè hù fúnra rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ Siberia.

Bó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni ìròyìn dárúkọ, ẹ bèèrè irú ẹ̀dá tó lè wọ̀ lára, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì kò lè dá pọ̀ sí i láìsí ara tó máa gbé inú rẹ̀. Jean-Michel Claverie àti Chantal Abergel, ní yunifásítì Aix-Marseille nílẹ̀ Faransé, ló wà nídìí èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí. Lọ́dún 2014, wọ́n kéde Pithovirus sibericum láti inú ilẹ̀ tó ti tó 30,000 ọdún. Lọ́dún 2023, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé fáírọ́ọ̀sì 13 mìíràn, tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá láti abẹ́ adágún odò kan ní Yakutia ní Siberia, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ 48,500 ọdún. Àmíbà, ẹ̀dá tín-ín-rín kan tí ojú lásán kì í sábà rí, ni gbogbo wọn ń wọ̀ lára. Èyí kì í ṣe èèṣì, nítorí àmíbà ni àwọn onímọ̀ náà fi ṣe ìdẹ, kí iṣẹ́ wọn má bàa fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni sínú ewu, ohun tí ìdẹ sì fà ni àwọ̀n máa ń kó. Ibí yìí ni mo ti máa ń rọ òǹkàwé pé kó má ṣe ṣìnà sí apá òdì kejì: pé wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣe ènìyàn kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Àlàyé Claverie fúnra rẹ̀ ni pé bí ti àmíbà bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìkú, kò sí ìdí tí ti ẹranko àti ènìyàn kò fi ní lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀dá tó jí àti àfọ́kù tó ṣẹ́ kù. Lóṣù kọkànlá ọdún 1918, àrùn gágá pa ènìyàn 72 láàárín ọjọ́ mélòó kan ní abúlé tí wọ́n ń pè ní Brevig Mission báyìí, ní Alaska, wọ́n sì sin wọ́n sínú ilẹ̀ dídì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Johan Hultin, lọ hú díẹ̀ nínú òkú náà lọ́dún 1951, ó gbìyànjú láti mú fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ hù, kò rí i ṣe. Ó padà lọ lọ́dún 1997, ó sì fi ẹ̀dọ̀fóró obìnrin kan ránṣẹ́ sí Jeffery Taubenberger, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àfọ́kù àbùdá fáírọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n rí. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà wá jí lọ́dún 2005, inú yàrá ìwádìí tó ní ààbò líle ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fọwọ́ tò ó jọ láti inú àfọ́kù wọ̀nyẹn.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tàbí ewéko tó yí ẹ̀dá náà ká ni wọ́n sábà máa ń fi kábọ́ọ̀nù wọn, ìyẹn irú kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òṣùwọ̀n yìí kò sì ṣeé gbára lé mọ́ bó bá ti kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún. Iṣẹ́ tó dára máa ń sọ bí wọ́n ṣe dáàbò bo ilẹ̀ náà kí kòkòrò òde òní má bàa kó wọ̀ ọ́.

Àrùn anthrax, tó máa ń ti ara ẹran ran ènìyàn, ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù, nítorí pé òun ti pa ènìyàn. Bí nǹkan kò bá rọ bakitéríà rẹ̀ lọ́rùn, ó máa ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Nígbà ooru ọdún 2016, ní Yamal ní àríwá Rọ́ṣíà, níbi tí ooru ti tó 35 Celsius, àgbọ̀nrín tí àwọn darandaran Nenets ń sìn kú ju 2,000 lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn dèrò ilé ìwòsàn, ọmọdékùnrin ọlọ́dún méjìlá kan sì kú. Láti ọdún 1941 ni àrùn náà kò ti jà níbẹ̀. Wọ́n gbà pé òkú ẹran àtijọ́ tí ilẹ̀ tú síta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn fò ni pé ìjọba ti dáwọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ẹran náà dúró láti ọdún 2007. Ooru ló ṣílẹ̀kùn, àìsí àjẹsára ló sì gba àrùn wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá ka irú ìròyìn yìí, ẹ bèèrè bóyá àrùn tí a mọ̀, tó ní àjẹsára, ni, àti bóyá wọ́n ń fún ẹran ní àjẹsára náà. Àwa náà kò nílò yìnyín kí anthrax tó dé ọ̀dọ̀ wa: lóṣù keje ọdún 2023, wọ́n rí i nínú oko ẹran kan ní Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn tó ti jà ní àríwá Gánà, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ nípa pọ̀nmọ́ sì gba ìgboro kan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì nìkan gba gbogbo àfiyèsí yín. Lọ́dún 2011, wọ́n rí àbùdá tó ń dènà oògùn apabakitéríà bíi tetracycline nínú ilẹ̀ 30,000 ọdún láti Yukon ní Kánádà, èyí tó fi hàn pé bakitéríà ti mọ ọ̀nà àtiborí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn tó ṣe é. Lójú tèmi, ohun tó wúwo jù ni iṣẹ́ àwọn bakitéríà lásán tí kò ní orúkọ nínú ìròyìn. Ilẹ̀ dídì kó nǹkan bí bílíọ̀nù 1,500 tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù mọ́ra, èyí tó tó ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ bá yọ́, àwọn bakitéríà yìí máa ń jí, wọ́n á máa jẹ ewéko àtijọ́, wọ́n á sì máa tú gáàsì carbon dioxide àti methane sílẹ̀, tí ayé á fi túbọ̀ gbóná, tí ilẹ̀ á sì túbọ̀ yọ́.

Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ló ń walẹ̀ níbẹ̀? Yíyọ́ fúnra rẹ̀ máa ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó sì ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí Claverie ti ń kìlọ̀ rẹ̀ láti ọdún 2014 ni iwakùsà àti wíwa epo rọ̀bì ní àwọn ilẹ̀ dídì Siberia, níbi tí ẹ̀rọ ti lè gbẹ́ dé ìpele tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì fọwọ́ kan ohun tó bá jáde, kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé lópin oṣù. Bí ìròyìn bá dárúkọ irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì wò ó bóyá ó sọ pé dókítà wà níbi iṣẹ́ náà.