Dátà mi tán torí ọkùnrin olórí pípá inú SpongeBob

Sátidé ni mo ra dátà 3GB, kó tó di alẹ́ Sọ́ńdè ó ti tán, ìbéèrè ọmọ kan ṣoṣo ló sì jẹ ẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ mi ń wo SpongeBob, kàtúùnù ọmọdé yẹn, apá tí wọ́n ń pè ní Graveyard Shift, ti 2002. Squidward, tí òun àti SpongeBob jọ ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ, ń fi ìtàn ẹnì kan tó ṣèèṣì gé ara ẹ̀ lọ́wọ́ dẹ́rù ba SpongeBob, pé tí onítọ̀hún bá ń bọ̀, iná á máa ṣẹ́jú, fóònù á dún tẹ́nikẹ́ni ò ní fọhùn, bọ́ọ̀sì á sì já a sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wá ṣẹlẹ̀, àṣé ọmọ tó ń wáṣẹ́ ló pè, òun náà ló wọ bọ́ọ̀sì. Ta ló wá ń tan iná tó ń pa á? Ibẹ̀ la ti rí ọkùnrin kan, orí pá kodoro, etí ṣóńṣó, eyín iwájú méjì bíi ti eku, ọwọ́ ẹ̀ wà lára súìṣì, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ní "Nosferatu!" Ọmọ mi yíjú sí mi: "Mọ́mì, ta nìyẹn?"

Orúkọ yẹn ò ṣòro wá. Fíìmù Jámánì ni, 1922, Max Schreck ló ṣe Count Orlok, ọkùnrin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, níbẹ̀. Mo ní kí n kúkú dáńlóòdù ẹ̀ kọ́mọ fojú ara ẹ̀ rí i.

Ló bá wọlé tán, kò dún. Mo gbé ohùn sókè títí, mo pààrọ̀ íápíìsì, mo pa fóònù tàn, pàbó. Mo ní fáìlì yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, mo pa á rẹ́, mo wá òmíràn níbòmíì, mo fi odindi ọ̀sán dúró tì í, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já ń so, òun náà ò tún dún! Mo gbé fóònù lọ bá bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ilé wa, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe sípíkà. Ìgbà tí mo wá jókòó wò ó dáadáa ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ sójú fíìmù. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í fọhùn! Kí ló dé tẹ́ni tó gbé e síta ò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lóhùn?

Ṣùgbọ́n inú mi dùn sóhun tí mo kà lẹ́yìn náà. Ìwé Dracula ti Bram Stoker ni wọ́n gbé ṣe fíìmù láìgbàṣẹ, wọ́n kàn yí orúkọ padà, ìyàwó Stoker pè wọ́n lẹ́jọ́, nígbà tó di 1925 kóòtù ní kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà ẹ̀ jẹ́. Díẹ̀ ṣáà yè é, òun ló dé orí fóònù mi yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá irú ẹ̀ fọ́mọ, fọ́tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kì í jẹ dátà. Èmi gbé fọ́tò Orlok sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti SpongeBob, ojú kan náà ni, ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Ní báyìí, tí iná bá ti ṣẹ́jú nílé wa, "Nosferatu!" lẹ máa gbọ́ láti pálọ̀.